Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Fólítéèjì Wo Ni Ó Tọ́ sí Purosẹ́sọ̀ Kọ̀ǹpútà Àtijọ́?

Lẹ́tà mẹ́rin ni a mú fún abala yìí lóṣù yìí, ọ̀rọ̀ kan náà sì ni gbogbo wọn ń bi wá: iye iná, ìyẹn fólítéèjì tí a ń fi fólìtì wọ̀n, tí ó yẹ kí purosẹ́sọ̀ kọ̀ǹpútà ayé àtijọ́, chip tí ó ń ṣe ìṣirò kọ̀ǹpútà, máa gbà. Lóde òní, mọ́tábọ́ọ̀dù, pẹpẹ tí gbogbo chip kọ̀ǹpútà ń jókòó lé, fúnra rẹ̀ ni ó ń bi purosẹ́sọ̀ léèrè ohun tí ó fẹ́. Ní àwọn ọdún 1990 sí 1999, ọwọ́ ẹni tí ó ń to ẹ̀rọ náà ni ọ̀rọ̀ wà, jọ́ńpà ni a sì fi ń sọ ọ́, ìyẹn ìdérí oníke kékeré tí a fi ń so ẹsẹ̀ irin méjì pọ̀ lórí mọ́tábọ́ọ̀dù.

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú wa ọ̀wọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ní kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan tí mo fi ń ṣe àwọn géèmù DOS tí a máa ń ṣe nígbà èwe wa. Pentium 133 ni ó wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Mo ra Pentium MMX 233, mo yọ ti àkọ́kọ́ kúrò, mo sì fi èyí tí mo rà rọ́pò rẹ̀ láìfọwọ́ kan ohunkóhun mìíràn. Ó tan, ó sì ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n 133 ni ó ṣì ń kọ sójú, irin tí ó wà lórí rẹ̀ sì ń gbóná ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Irin mìíràn tí ó wà nítòsí sọ́kẹ́ẹ̀tì tí purosẹ́sọ̀ ń wọ̀ náà gbóná tó bẹ́ẹ̀ tí n kò fi lè fọwọ́ kàn án pẹ́. Mo wá rí àtẹ kékeré kan tí wọ́n tẹ̀ sára mọ́tábọ́ọ̀dù náà: 2.8, 2.9, 3.3 àti 3.5. Orí 3.3 ni jọ́ńpà rẹ̀ wà. Ẹ̀gbọ́n mi tí ó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní kí n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, pé ohun tí ó bá ti ń ṣiṣẹ́, a kì í tún un ṣe. Kí ni ẹ rí sí i? — Olùkàwé, Abẹ́òkúta

ÌDÁHÙN: A kí yín, a sì kí ẹ̀gbọ́n yín, nítorí ìmọ̀ràn wọn dára nínú ọ̀pọ̀ nǹkan. Ṣùgbọ́n ní ti fólítéèjì purosẹ́sọ̀, pé ẹ̀rọ tan kì í ṣe ẹ̀rí pé iye iná tí à ń fún un tọ́. Purosẹ́sọ̀ tí iná rẹ̀ kéré jù yóò kọ̀ láti tan, tàbí kí ó tan kí ó sì dákú láàárín iṣẹ́, olówó rẹ̀ yóò sì tètè mọ̀ pé nǹkan ṣe é. Èyí tí iná rẹ̀ pọ̀ jù kì í ráhùn. Yóò máa ṣiṣẹ́ rẹ̀ geere títí di ọjọ́ tí kò ní ṣiṣẹ́ mọ́. Ẹ má tún tan ẹ̀rọ yẹn títí ẹ ó fi gbé jọ́ńpà náà sí 2.8.

Ìdí rẹ̀ nìyí. Pentium àkọ́kọ́ tí Intel gbé jáde ní ọdún 1993, èyí tí eré rẹ̀ jẹ́ 60 àti 66 MHz (mílíọ̀nù ìgbésẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kan), fólìtì 5 ni ó ń gbà, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ 486 tí ó ṣáájú rẹ̀, ooru rẹ̀ sì di ohun tí àwọn oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà ń sọ kiri nígbà náà. Ìran kejì dé ní ọdún 1994 pẹ̀lú fólìtì 3.3, inú ìran yìí sì ni Pentium 133 yín ti wá. Nígbà tí MMX jáde ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1997, àwọn transistor inú rẹ̀, ìyẹn àwọn bọ́tìnnì iná tíntìntín tí ó fi ń ṣe ìṣirò, ti tó mílíọ̀nù 4.5, bí gbogbo wọn bá sì ń gba 3.3, ooru tí wọn ì bá máa mú jáde kì í ṣe kékeré. Wọ́n wá pín iná purosẹ́sọ̀ náà sí ọ̀nà méjì. Àárín rẹ̀, níbi tí ìṣirò ti ń lọ, ń gba 2.8, etí rẹ̀, níbi tí ó ti ń bá mẹ́mọ́rì àti àwọn chip yòókù sọ̀rọ̀, dúró sí 3.3, nítorí pé 3.3 ni àwọn yòókù náà ṣì ń lò. Lórí ọ̀pọ̀ mọ́tábọ́ọ̀dù, Vcore ni wọ́n ń kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ jọ́ńpà ti àárín, Vio sì ni ti etí. Àtẹ tí ẹ rí yẹn, ti Vcore ni. Ìwọ̀n tí Intel fún MMX láyè kò ju láti 2.7 sí 2.9 lọ, nítorí náà 3.3 ti jìnnà sí ohun tí a lè pè ní àṣìṣe kékeré.

Ooru purosẹ́sọ̀ kì í bá fólítéèjì pọ̀ sí i ní ẹsẹ̀ kan náà. Bí a bá fi fólítéèjì kún, ooru ń pọ̀ sí i ní ìwọ̀n ìsọdipúpọ̀ fólítéèjì náà pẹ̀lú ara rẹ̀, eré purosẹ́sọ̀ sì tún wà nínú ìṣirò náà. Ẹ fi 2.8 pín 3.3, ẹ ó rí nǹkan bíi 1.18, ẹ sọ èyí di púpọ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀, ẹ ó rí nǹkan bíi 1.39. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé MMX 233 tí ooru rẹ̀ kò yẹ kí ó ju wáàtì 17 lọ lórí 2.8 yóò máa sún mọ́ wáàtì 24 lórí 3.3, irin àti fáànù tí ẹ fi lé e kò sì pọ̀ sí i.

Báwo wá ni kò ṣe tíì jóná? Nọ́ńbà 133 tí ẹ rí lójú kọ̀ǹpútà ni ó ń dáàbò bò ó. Jọ́ńpà eré ṣì wà níbi tí Pentium 133 fi í sí, ìyẹn ìlọ́po 2 eré mọ́tábọ́ọ̀dù tí í ṣe 66 MHz, nítorí náà ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe fún 233 ń sáré ní 133. Ní eré yẹn, lórí 3.3, ooru rẹ̀ yóò wà ní nǹkan bíi wáàtì 13 sí 14. Pentium 133 kì í ju wáàtì 11.2 lọ. Ìyàtọ̀ yẹn gan-an ni ọwọ́ yín ń bá pàdé lórí irin náà. Ewu tí a ń bẹ̀rù fún yín ni pé kí ẹ lọ tún jọ́ńpà eré ṣe kí ẹ lè rí 233, kí ẹ sì gbàgbé ti fólítéèjì, nítorí ìgbà yẹn ni ooru náà yóò dé tán pátápátá.

Nítorí náà, fólítéèjì ni ẹ ó kọ́kọ́ tún ṣe, eré ni yóò tẹ̀ lé e. Ẹ pa ẹ̀rọ, ẹ yọ wáyà rẹ̀ kúrò lára ògiri, ẹ fọwọ́ kan irin àpótí rẹ̀ kí iná inú ara yín lè lọ, lẹ́yìn náà ni kí ẹ gbé jọ́ńpà sí 2.8. Ní ti eré, ẹ má wá 3.5 nínú àtẹ ìlọ́po, nítorí ọ̀pọ̀ mọ́tábọ́ọ̀dù ọdún 1996 kò ní in. Ẹ gbé e sí 1.5. Ọgbọ́n kan ni àwọn ará Intel dá síbẹ̀: jọ́ńpà tí Pentium àtijọ́ ń kà sí ìlọ́po 1.5 ni MMX 233 ń kà sí ìlọ́po 3.5, àádóje ó lé mẹ́ta MHz yín yóò sì di 233.

Ẹ má fi orúkọ tí olùtajà pe chip náà ṣe ìdánilójú. Ní ayé ìgbà yẹn, àwọn oníjìbìtì kan máa ń ha ohun tí wọ́n kọ sórí purosẹ́sọ̀ kúrò, wọ́n á sì tẹ eré tí ó ga ju tirẹ̀ lọ sí i, irú wọn sì ṣì wà ní ọjà títí dòní. Ẹ yí i dojú dé, kí ẹ ka nọ́ńbà tí ó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Èyí tí ó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 80501 lẹ́yìn lẹ́tà rẹ̀ ni Pentium olófólìtì 5. 80502 ni ìran 3.3; 80503 ni MMX, a sì sábà máa ń rí 2.8V tí wọ́n kọ sára rẹ̀ kedere. Ní ti Pentium 133 tí ẹ yọ, ẹ wo àmì tí ó jọ SY022/SSS. Lẹ́tà àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìlà dídagun yẹn ni ọ̀rọ̀ fólítéèjì wà: S ń sọ pé ìwọ̀n gbogbo gbòò tó fún un, láti 3.135 sí 3.6, V ń sọ pé kò gbọdọ̀ wá sísàlẹ̀ 3.4. Lára mọ́tábọ́ọ̀dù, STD ni wọ́n sábà ń kọ fún ti S, VRE sì ni fún ti V. Àwọn kan máa ń gbé gbogbo Pentium àtijọ́ sí VRE kí ọkàn wọn lè balẹ̀. Ní tiwa, bí S bá wà lára rẹ̀, a kò rí ohun tí ooru àfikún yẹn fẹ́ ṣe fún un.

Bí ẹ bá sì fẹ́ dá Pentium 133 padà sínú ẹ̀rọ yẹn lọ́jọ́ kan, ẹ kọ́kọ́ dá jọ́ńpà padà sí 3.3. Purosẹ́sọ̀ tí fólítéèjì rẹ̀ jẹ́ ẹyọ kan so ọ̀nà iná méjèèjì pọ̀ nínú ara rẹ̀. Bí mọ́tábọ́ọ̀dù bá ń fi 2.8 ránṣẹ́ ní ọ̀nà kan tí ó sì ń fi 3.3 ránṣẹ́ ní èkejì, inú chip yìí ni méjèèjì yóò ti pàdé, régúlétọ̀ tí ó ń fún un níná ni yóò sì jìyà rẹ̀. Intel fi ẹsẹ̀ kan, èyí tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ VCC2DET, sára MMX kí mọ́tábọ́ọ̀dù lè dá a mọ̀ pé olónà-méjì ni, àwọn mọ́tábọ́ọ̀dù kan sì ń lò ó láti yí ara wọn padà. Ṣùgbọ́n tiyín kò ṣe bẹ́ẹ̀, a ti rí i.

Ó ku irin kejì tí ẹ ní ó ń gbóná nítòsí sọ́kẹ́ẹ̀tì. Régúlétọ̀ ni, òun ni ó ń sọ fólìtì 5 tí ó ń bọ̀ láti inú páńsì iná (àpótí tí iná ògiri kọ́kọ́ ń wọ̀ nínú kọ̀ǹpútà) di 2.8. Èyí tí ó rọrùn jù nínú wọn a máa sun fólìtì tí ó ṣẹ́ kù di ooru: 5 dín 2.8 jẹ́ 2.2, MMX 233 sì lè gba tó áńpíà 6.5, nítorí náà wáàtì 14 lè máa jáde lára irin kékeré yẹn nìkan. Ó lè yà yín lẹ́nu pé bí ẹ bá gbé jọ́ńpà sí 2.8 tí ẹ sì gbé eré sí 233, régúlétọ̀ náà lè gbóná ju bí ó ti wà báyìí lọ, bẹ́ẹ̀ sì ni purosẹ́sọ̀ wà ní ìwọ̀n rẹ̀. Kò burú. Ẹ kàn má yọ irin ara rẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí atẹ́gùn fáànù kàn án.

Fún ẹlòmíràn tí ó bá ka lẹ́tà yìí tí mọ́tábọ́ọ̀dù tirẹ̀ kò ní 2.8 rárá, kí ó má fi 3.3 dán an wò. Intel ṣe Pentium OverDrive kan tí ó ní MMX, tí régúlétọ̀ tirẹ̀ wà lára rẹ̀, tí ó sì ń gba 3.3 láti inú sọ́kẹ́ẹ̀tì àtijọ́. WinChip C6 tí IDT gbé jáde ní ọdún 1997 náà kò nílò ọ̀nà méjì. Ẹyọ fólítéèjì kan, 3.3 tàbí 3.52 gẹ́gẹ́ bí ó ti wà lára rẹ̀, ni ó ń lò, ó sì ní MMX.

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú, mo kí yín láti London. Mo ní purosẹ́sọ̀ AMD K6-2 méjì. Ọ̀kan kọ AMD-K6-2/400AFR, èkejì kọ AMD-K6-2/450AHX. Ìwé ìtọ́sọ́nà mọ́tábọ́ọ̀dù mi wà lọ́wọ́ mi. Ó ní jọ́ńpà mẹ́rin fún fólítéèjì, ṣùgbọ́n iye mẹ́rin péré ni ó kọ sílẹ̀. Bí mo bá fi jọ́ńpà kejì nìkan, 2.2 ni, ìkẹrin nìkan, 2.8, ìkíní àti ìkẹrin, 2.9, ìkẹta àti ìkẹrin, 3.2. Ẹnìkan sọ fún mi pé K6-2 ni méjèèjì, kí n lo 2.2 fún wọn. Ṣé òótọ́ ni? — Olùkàwé, Peckham

ÌDÁHÙN: Òótọ́ ni fún 400, kì í ṣe òótọ́ fún 450. AMD, ilé-iṣẹ́ tí ó ń bá Intel du ọjà, ń fi lẹ́tà mẹ́ta tí ó gbẹ̀yìn orúkọ sọ ohun tí chip kọ̀ọ̀kan ń fẹ́. Lẹ́tà àárín ni ti fólítéèjì. F jẹ́ 2.2, G jẹ́ 2.3, H jẹ́ 2.4, bí ẹ bá rí C, èyí tí ó wà lára àwọn K6-2+ àti K6-III+ ti ọdún 2000, 2.0 ni. Lára K6 àkọ́kọ́ ti ọdún 1997, L jẹ́ 2.9, N sì jẹ́ 3.2. Lẹ́tà tí ó gbẹ̀yìn ń sọ bí ara chip ṣe lè gbóná tó kí ó tó di wàhálà: R jẹ́ 70 lórí òṣùwọ̀n Celsius, X jẹ́ 65, Q jẹ́ 60. Nítorí náà 450AHX yín ń fẹ́ iná púpọ̀ ju 400AFR lọ, kò sì fara da ooru tó o, ẹ kò sì lè fi irin kékeré kan náà tù wọ́n.

Àyè tí AMD fún H, láti 2.3 sí 2.5 ni. Bí ẹ bá fún un ní 2.2, kò ní bàjẹ́, ṣùgbọ́n ó lè máa dákú nígbà tí iṣẹ́ bá wọ̀ ọ́ lára, ẹ ó sì máa fi ẹ̀sùn kan mẹ́mọ́rì tàbí Windows lórí ohun tí wọn kò mọ̀.

Ìwé ìtọ́sọ́nà yín kò kọ 2.4, ṣùgbọ́n ó ti fi hàn yín láìmọ̀. Ẹ wo nọ́ńbà mẹ́rin yẹn dáadáa, kí ẹ gbà pé 2.0 ni ìpìlẹ̀ nígbà tí kò bá sí jọ́ńpà kankan. Jọ́ńpà kejì fi 0.2 kún un, ìkẹrin fi 0.8 kún un. Ìkíní àti ìkẹrin jọ fún wa ní 2.9, a jẹ́ pé 0.1 ni ti ìkíní. Ìkẹta àti ìkẹrin fún wa ní 3.2, a jẹ́ pé 0.4 ni ti ìkẹta. Jọ́ńpà kẹta nìkan, nígbà náà, yẹ kí ó fún yín ní 2.4. Ọ̀pọ̀ mọ́tábọ́ọ̀dù ọdún 1997 àti 1998 ni a ṣe báyìí, tí jọ́ńpà mẹ́rin wọn lè fúnni ní gbogbo iye láti 2.0 dé 3.5, tí àwọn tí ó kọ ìwé wọn sì kọ kìkì iye tí àwọn purosẹ́sọ̀ ọjà ìgbà yẹn ń lò, nítorí 450AHX kò tíì sí láyé nígbà tí ìwé náà jáde.

Ṣùgbọ́n ìṣirò lórí ìwé kò tó láti fi purosẹ́sọ̀ sínú ewu, nítorí a rí mọ́tábọ́ọ̀dù tí jọ́ńpà rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní òdìkejì, tí yíyọ jọ́ńpà ni ó ń fi kún iná. Ẹ fi mítà àwọn oníṣẹ́ iná wọ̀n ọ́n. Ẹ yọ purosẹ́sọ̀ kúrò, ẹ to jọ́ńpà, ẹ fi wáyà dúdú mítà kan irin ibi tí ìdè (síkúrù) tí ó di mọ́tábọ́ọ̀dù mú ń wọ̀, kí ẹ sì fi pupa kan ẹ̀gbẹ́ kọ́ìlì tí ó kọjú sí sọ́kẹ́ẹ̀tì, ìyẹn òrùka tí wọ́n wé wáyà kọ́pà mọ́. Bí kọ́ìlì kò bá sí, ẹsẹ̀ tí kì í ṣe ti àmì ìyọkúrò lára àwọn kàpásítọ̀ ńláńlá (àwọn àgòlò kékeré tí ń tọ́jú iná) tí ó yí sọ́kẹ́ẹ̀tì ká náà yóò sọ òótọ́ fún yín. Ẹ kọ́kọ́ wọn èyí tí ẹ mọ̀, 2.2 àti 2.8, kí ẹ lè mọ̀ pé ibi tí ó tọ́ ni ẹ fi mítà sí, kí ẹ tó wá wọn èyí tí ẹ kò mọ̀. Nọ́ńbà náà lè fi díẹ̀ ga ju èyí tí a kọ lọ nígbà tí kò sí purosẹ́sọ̀ tí ó ń fa iná náà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ di wáyà pupa náà mú ṣinṣin, nítorí ibi tí ó bá yẹ̀ sí ní àárín ẹsẹ̀ irin méjì lè parí gbogbo iṣẹ́ náà fún yín.

Bí ẹ bá bi wá léèrè, 400AFR ni a ó fi sínú ẹ̀rọ yẹn tí a ó sì gbàgbé 450. Ìyàtọ̀ eré wọn kò tó ohun tí ojú lè rí, ọ̀kan sì wà lórí fólítéèjì tí ìwé yín kọ sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Bí mọ́tábọ́ọ̀dù yín kò bá lè ju 66 MHz lọ, ẹ gbé jọ́ńpà eré sí ìlọ́po 2: 400 yìí ń kà á sí ìlọ́po 6, 6 nígbà 66 sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ 400 gan-an.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú ìdúró o. 486 DX2-66 olófólìtì 5 ni mo ní. Mo rí AMD tí wọ́n kọ AMD-X5-133ADZ sí lára. Sọ́kẹ́ẹ̀tì wọn rí bákan náà, ó sì wọlé wẹ́rẹ́. N kò tíì tan án. Ṣé kí n tan án? — Olùkàwé, Ìlọrin

ÌDÁHÙN: Ẹ má tan án. Ẹ ṣeun tí ẹ kọ́kọ́ béèrè. Lẹ́tà D tí ó wà láàárín ADZ yẹn jẹ́ 3.45, Z sì ń sọ pé ó lè fara da ooru dé 85. Bí ẹ bá fún un ní 5, ooru rẹ̀ yóò ju ìlọ́po méjì ohun tí ó yẹ lọ, iná náà fúnra rẹ̀ sì lè ba àwọn transistor rẹ̀ jẹ́ kí ooru tó ráyè ṣe tirẹ̀. Láàárín gbogbo àṣìṣe tí a mẹ́nu bà lónìí, èyí ni ó ń yára pa purosẹ́sọ̀ jù, nítorí pé inú ihò kan náà ni 486 olófólìtì 5 àti èyí tí ó ń gba 3.45 ń wọ̀, kò sì sí ohun tí yóò dí ọwọ́ yín lọ́wọ́.

Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára oníke sọ́kẹ́ẹ̀tì náà. Socket 3 ni wọ́n ṣe fún fólítéèjì méjèèjì, ẹ ó sì rí jọ́ńpà, nígbà mìíràn ọ̀wọ́ jọ́ńpà mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí a gbọ́dọ̀ jọ gbé lẹ́ẹ̀kan náà, tí yóò yí i láti 5 sí 3.45. Socket 1 àti Socket 2 kò mọ̀ ju 5 lọ. Fún àwọn wọ̀nyí, ẹ ó ní láti wá pẹpẹ kékeré tí ó ní régúlétọ̀ lára, tí a ń fi sí àárín sọ́kẹ́ẹ̀tì àti purosẹ́sọ̀. Ní ti eré, jọ́ńpà ìlọ́po 2 ni purosẹ́sọ̀ yìí ń kà sí 4, 4 nígbà 33 sì ni 133 rẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú, iná ìjọba tiwa kì í dúró lójú kan. Nígbà mìíràn kò tó 170, nígbà mìíràn ó ń lọ sí 250. Ṣé kí n gbé Vcore MMX mi láti 2.8 sí 2.9, kí ó lè rí nǹkan mú nígbà tí iná bá rẹlẹ̀? Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni ó fi kọ̀ǹpútà náà ránṣẹ́ láti Amẹ́ríkà. — Olùkàwé, Òṣogbo

ÌDÁHÙN: Rárá. Iná ògiri kì í dé ọ̀dọ̀ purosẹ́sọ̀ ní tààrà. Páńsì iná ni ó kọ́kọ́ ń sọ ọ́ di fólìtì 5, kò sì yẹ kí 5 yìí yẹ̀ ju ìdá 5 nínú 100 lọ, ìyẹn láti 4.75 sí 5.25, régúlétọ̀ mọ́tábọ́ọ̀dù ni ó wá ń mú 2.8 jáde láti inú rẹ̀. Nígbà tí iná ògiri bá rẹlẹ̀ jù fún páńsì láti ṣe iṣẹ́ rẹ̀, ẹ̀rọ náà yóò kú tàbí kí ó tún ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Kò ní máa fún purosẹ́sọ̀ ní 2.6 kí ó sì máa ṣiṣẹ́ lọ. Àfikún 0.1 tí ẹ fẹ́ ṣe kò ní dúró de ọjọ́ tí iná bá rẹlẹ̀, ojoojúmọ́ ni yóò máa fi ooru kún un, ó sì ti gbé yín dé òpin ohun tí Intel fàyè gbà. Sítábíláísà tí ó dára ni kí ẹ náwó sí, kí ó gba ti páńsì náà rò.

Nítorí pé láti Amẹ́ríkà ni ó ti wá, ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀ kí ẹ tó fi í sí iná. Ọ̀pọ̀ páńsì ìgbà náà ní bọ́tìnnì pupa kan tí wọ́n kọ 115 sí ẹ̀gbẹ́ kan àti 230 sí èkejì, 115 ni yóò sì wà. Bí ẹ bá tan án báyẹn lórí iná tiwa, àwọn kàpásítọ̀ inú páńsì yóò gba ìlọ́po méjì iná tí wọ́n ṣe wọ́n fún, fíúsì rẹ̀ yóò sì já, nígbà mìíràn pẹ̀lú ariwo ńlá. Ẹ fi ṣọ́ọ́rọ́ sírúdíráfà tì í sí 230 nígbà tí wáyà rẹ̀ kò sí lára ògiri. Bí kò bá sí bọ́tìnnì kankan níbẹ̀, ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sí ẹ̀gbẹ́ páńsì: èyí tí ó bá kọ 100 sí 240 lè gba tiwa, èyí tí ó bá kọ 115 nìkan ń fẹ́ tiransifọ́mà.